Ẹni Tó Ń Kúnlẹ̀ Ló Mọ Ilẹ̀ Ọkọ̀

Ní ìpínlẹ̀ Minnesota, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ojú omi, adágún tó tó éékà mẹ́wàá sókè jẹ́ 11,842. Bí yìnyín bá ti yọ́ lórí wọn tán, tí ojú ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, àwọn oníbàárà á máa wọ́ ọkọ̀ wọn wá sí ọgbà wa. Ìbéèrè kan náà ló sábà máa ń wà lẹ́nu wọn: "Kápẹ́ẹ̀tì yìí ti ń rùn, kí ni kí n fi rọ́pò rẹ̀?" Ìdáhùn kúkúrú wà fún un. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ẹni tí kò bá mọ bí kápẹ́ẹ̀tì ṣe dé inú ọkọ̀ kò ní mọ ohun tó yẹ kó gba ipò rẹ̀. Ìtàn ilẹ̀ ọkọ̀ gùn, àwọn tó sì jìyà rẹ̀ jù ni àwọn tó ń kúnlẹ̀ lé e lórí, tí ẹnikẹ́ni kì í bi kó tó rà á.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Nínú ọkọ̀ onípákó tí àwọn apẹja wa ń wà lórí ọ̀sà, kò sí ohun mìíràn nílẹ̀ ju pákó tí wọ́n tò láìkàn án ní ìṣó. Bí omi bá jò wọlé, ọmọdé tó jókòó níbẹ̀ á ṣí pákó kan, á fi igbá gbọ́n omi dànù, á sì dá pákó padà sí àyè rẹ̀. Ilẹ̀ yẹn le lábẹ́ ẹsẹ̀, ó sì máa ń yọ̀ bí ẹja bá pọ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ojú yẹn ni mo gbé dé ìdí iṣẹ́ yìí.

Ọ̀nà mìíràn ni àwọn òyìnbó tó ń tukọ̀ la òkun kọjá gbà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀kan lára igi tí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ jù fún ilẹ̀ rẹ̀ ni tíìkì, tí wọ́n ń gé ní Burma àti Íńdíà. Òróró wà nínú igi náà fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí omi òkun àti kòkòrò kì í fi í tètè bà á jẹ́. Wọ́n á to pákó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á fi fọ́nrán okùn àlòkù há àárín wọn, wọ́n á sì da ọ̀dà gbígbóná lé e kí omi má baà rí ọ̀nà gbà. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n àti àwọn aláìní tí ìjọba kó sílé ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi ìka tú okùn náà sí fọ́nrán.

Bí ilẹ̀ bá ti parí, ìyà tàwọn atukọ̀ ló kù. Wọ́n á da omi òkun àti iyanrìn sílẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á sì fi òkúta ha pákó títí yóò fi funfun. Òkúta ńlá ni wọ́n ń pè ní Bíbélì. Kékeré tó ń wọ kọ̀rọ̀ ni ìwé àdúrà, nítorí orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń lò ó. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ fẹ́ kí ilẹ̀ máa tàn, wọn kò sì fẹ́ kí ọwọ́ atukọ̀ dilẹ̀. Ní 1931, ilé iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n dẹwọ́ nínú fífi òkúta ha ilẹ̀ báyìí. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé òkúta ń jẹ pákó tán kíákíá, àtúnṣe rẹ̀ sì ń gbówó lórí. Pákó ni wọ́n ṣírò owó lé lórí. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí rẹ̀, nítorí eékún ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò ká dáadáa mọ́.

Nínú ọkọ̀, níbi tí èrò ń sùn sí, aṣọ líle tí wọ́n kùn ní ọ̀dà léraléra ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ́. Michael Nairn dá ilé iṣẹ́ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Kirkcaldy, ní Scotland, ní 1847. Lẹ́yìn náà ni Frederick Walton, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàkíyèsí awọ tó máa ń bo ojú ọ̀dà tí wọ́n bá fi sílẹ̀ nínú agolo. Awọ náà ń tẹ̀, kì í dá, omi kì í sì í gbà á kọjá. Ó rí i pé òróró irúgbìn flax tó wà nínú ọ̀dà ló máa ń dì báyìí bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i. Ó mú òróró náà dì, ó pò ó mọ́ ìyẹ̀fun kọ́ọ̀kì, èèpo igi tí wọ́n fi ń dé ìgò ọtí, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1863. Ọdún kejì ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Staines, létí odò Thames. Linoleum nìyẹn, tí àwọn àgbà wa nílé náà tẹ́ sí pálọ̀ wọn nígbà kan.

Àwọn ọmọ ogun ojú omi fẹ́ràn rẹ̀. Ó fúyẹ́ ju pákó lọ, ìró bàtà kì í dún lórí rẹ̀, aṣọ tútù sì tó láti nù ún. Àwọn ará Jàpáánù tiẹ̀ tẹ́ ẹ sí òkè ọkọ̀ ogun wọn níta gbangba, wọ́n sì fi idẹ pẹlẹbẹ tẹ etí rẹ̀ mọ́ irin. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ló burú: ohun tí wọ́n fi òróró ṣe kì í bá iná ṣọ̀tá. Lẹ́yìn tí Jàpáánù kọlu Pearl Harbor lọ́jọ́ keje oṣù Kejìlá ọdún 1941, àṣẹ jáde pé kí wọ́n hó linoleum kúrò nínú àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà. Àwọn atukọ̀ yìí kan náà ló tún kúnlẹ̀, tí wọ́n ń ha á kúrò.

Ohun tí yóò gba ipò linoleum ti wà nílẹ̀ kí ogun tó dé. Ní 1926, Waldo Semon, onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé iṣẹ́ B.F. Goodrich ní Akron, Ohio, ń wá gọ́ọ̀mù tí yóò lẹ rọ́bà mọ́ irin. Ó se PVC, tí kò sẹ́ni tó rí i fi ṣe nǹkan gidi nígbà náà, nínú kẹ́míkà olómi tó gbóná. Nígbà tó tutù, ohun tó bá níwájú rẹ̀ ń rọ̀, ó sì ń nà. Gọ́ọ̀mù kọ́ ló rí, vinyl tí à ń tẹ́ sílẹ̀ lónìí ló rí. Ní 1933, ní ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní Chicago, wọ́n ti ń fi táìsì vinyl han èrò.

Báwo wá ni kápẹ́ẹ̀tì onírun ṣe wọ inú ọkọ̀ tó ń gba òjò àti omi ẹja? Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni. Owó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà, ọkọ̀ oní-fáíbà sì ń pọ̀ sí i. Ní Richmond, nínú ìpínlẹ̀ Minnesota yìí, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ambrose Weeres to àgbá irin ní ìlà méjì, ó jó wọn pọ̀, ó gbé pákó gbọọrọ lé wọn lórí, ó sì tì í sórí adágún ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Èrò rẹ̀ ni pé ilẹ̀ tó bá dúró lórí ìpìlẹ̀ méjì kò ní máa mì. Òótọ́ ni. Irú ọkọ̀ náà, pontoon, ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Ó tẹ́jú bíi pálọ̀: àga onítìmùtìmù wà níbẹ̀, ìbòòji wà, ọmọdé lè sáré lórí rẹ̀. Nígbà tí ó ti rí bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń tà á tẹ́ ohun tí èèyàn ń tẹ́ sí pálọ̀ sí i.

Ní apá gúúsù, Forrest Wood dá Ranger Boats sílẹ̀ ní Flippin, Arkansas, ní 1968, fún àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja bass. Kápẹ́ẹ̀tì wúlò fún àwọn wọ̀nyẹn gan-an, mi ò ní sẹ́ ẹ. Apẹja tó dúró lórí ọkọ̀ kò fẹ́ kí ẹja gbọ́ ìró bàtà òun, kò sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun yọ̀. Polypropylene, tí Giulio Natta ṣe ní Ítálì ní 1954, ni wọ́n fi ń ṣe kápẹ́ẹ̀tì náà. Natta àti Karl Ziegler jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1963 fún irú iṣẹ́ yìí. Fọ́nrán náà kì í mu omi, kì í sì í jẹrà. Àwọn olùtajà sọ pé kápẹ́ẹ̀tì yìí kò lè jẹrà láé, wọn kò sì parọ́. Pákó tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń jẹrà. Omi tó bá wọ àárín irun kápẹ́ẹ̀tì á dúró síbẹ̀, á máa rin puláìwúùdù, oòrùn kò ní rí i, atẹ́gùn kò ní kàn án. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. A ó kọ́kọ́ tú àga àti ọgbà ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kúrò. N ó fi ọ̀bẹ la kápẹ́ẹ̀tì sí ọ̀já tóóró, nítorí bí ó bá fẹ̀ jù, gọ́ọ̀mù kò ní jẹ́ kó ṣeé fà. Ìbọ̀wọ́ awọ pọn dandan: ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta tó bọ́ lọ́wọ́ apẹja máa ń lúgọ sínú irun rẹ̀. Bí ọ̀já bá ti ń ṣí ni òórùn ń jáde, ti omi ẹja, ti ekòló, ti ọtí tó dà sílẹ̀, ti òjò tí kò rí ibi lọ. Lẹ́yìn náà ni n ó kúnlẹ̀, n ó mú irin ẹnu ṣóńṣó, n ó sì máa gún puláìwúùdù láti ìkángun kan dé ìkejì, pàápàá ní ìdí àga àti lẹ́nu ọ̀nà. Bí irin bá kọ̀ tí kò wọlé, pákó ṣì yè. Bí ó bá rì wọlé láìjà, pákó ti kú, a ó gé e kúrò títí a ó fi kan ibi tó le. Mo ti rí ilẹ̀ tí ó ku díẹ̀ kí ẹsẹ̀ já a, tí ìdílé tó ni ín sì ń gbé ọmọ wọn jókòó lé e lórí láìfura. Gọ́ọ̀mù tó ṣẹ́kù ló ń gba àkókò jù. Ìnṣì kọ̀ọ̀kan ni a máa ń ha.

Kí ni kí a wá tẹ́? Vinyl pẹlẹbẹ tó nípọn ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Omi kò lè wọ inú rẹ̀, garawa omi kan àti búrọ́ọ̀ṣì sì tó láti fọ̀ ọ́. Ó tún ní ọ̀nà tó ń gbà tú àṣírí abẹ́ rẹ̀. Bí pákó bá ń rin, àwọn kòkòrò tín-tín-tín tí ojú kò rí máa ń tú aró pupa fẹ́ẹ́rẹ́ jáde, aró náà á gba inú vinyl yọ sókè, ọṣẹ kankan kò sì lè bó o. Àwọn oníbàárà máa ń bínú sí àbàwọ́n yẹn. Èmi máa ń dúpẹ́ pé ó yọjú, torí ó ń sọ pé omi ti rí ọ̀nà wọlé.

Vinyl híhun ń jẹ́ kí omi ṣàn gba àárín rẹ̀, kì í sì í tètè yọ èèyàn, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí àti ìwọ̀ máa ń há sí ojú híhun rẹ̀. Fóòmù EVA náà wà, èyí tí wọ́n fi ń ṣe àtẹ́lẹ̀ bàtà eré ìdárayá. Àwọn tó ń fi pátákó gun ìgbì òkun ti ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó wọn kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀, kí ó tó dé orí ọkọ̀. Ó rọ eékún lọ́rùn ju gbogbo ìyókù lọ, ṣùgbọ́n àga wúwo máa ń tẹ ojú rẹ̀ wọlé, oòrùn sì máa ń ṣá a. PVC tí wọ́n ṣe ní àwòrán tíìkì náà wà. Ìdí tí mo fi gbà á ju ẹwà lọ: lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Burma ní 2021, Amẹ́ríkà àti Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbẹ́sẹ̀ lé òwò pẹ̀lú ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ta tíìkì níbẹ̀, igbó náà sì ti san gbèsè tó pọ̀ jù fún ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Èyí tó wù kí a yàn, kí àwọ̀ rẹ̀ má dúdú, nítorí ilẹ̀ dúdú lábẹ́ oòrùn oṣù Keje á jó ẹsẹ̀ ọmọdé.

Àbúrò mi kan ní Ẹ̀pẹ́ ra ọkọ̀ oní-fáíbà láti máa fi kó èrò. Ó pè mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, rọ́ọ̀gì wo ni kí n tẹ́ kí inú ọkọ̀ lè jọjú?" Mo ní kó má tẹ́ rọ́ọ̀gì kankan. Kó tẹ́ rọ́bà tó lójú ṣákaṣàka, kó má lẹ̀ ẹ́ pa, kó lè máa ká a sókè kó sì wo abẹ́ rẹ̀, bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣí pákó wọn. Èrò tó wọkọ̀ yóò bọ́ sílẹ̀ láìpẹ́, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò máa wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ lálaalẹ́.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi ni mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọ́ ọkọ̀ wá. Àwọn tó yan òkúta àti tíìkì kò fọ̀ ọ́ rí, àwọn tó yan kápẹ́ẹ̀tì kò hó o rí. Tí ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀ tuntun, ẹ mú ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́ dání wá. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kàn án, kó da omi sí i, kó kúnlẹ̀ lé e lórí. Èyí tí ó bá yàn ni kí ẹ sanwó fún.