Ẹlẹ́rìí tí Kò Mú Kùmọ̀ Lọ́wọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi í ṣọ́ orí. Ojú náà ni ará ìlú fi í ṣọ́ ìbò rẹ̀; nítorí náà ni jàǹdùkú fi máa ń kọ́kọ́ wá ẹni tí ń ṣọ́ ìbò kiri.

Ẹ wo ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965, nígbà tí Ilé-Ogbó, Ìwó àti gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn dìbò. Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ ti Olóyè S. L. Akíntọ́lá ní àwọn ni ó wọlé. Alhaji D. S. Adégbẹnró ti UPGA kéde pé ẹgbẹ́ tòun ni ó borí, ìjọba sì mú un. Iye ìbò di oríṣi méjì. Kò sí ẹnì kẹta, tí kì í ṣe ti Dẹ́mọ, tí kì í ṣe ti UPGA, tí a lè bi léèrè pé, “Kí ni ojú rẹ rí?” Iná ni ó wá ṣe ìdájọ́. Wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sí ilé àti sí ènìyàn lára, èyí tí wọ́n ń pè ní “wẹ́tìẹ̀”. Nígbà tí ó di oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn sójà dìtẹ̀, wọ́n pa Akíntọ́lá, ìjọba alágbádá sì dópin.

Ẹnì kẹta yìí ni àwọn olùyọ̀ǹda-ara tí ń ṣe àkíyèsí ìbò lónìí. Ní ọdún 1999, ẹgbẹ́ Transition Monitoring Group kó iye wọn tí ó lé ní 10,000 jáde. Ẹni bẹ́ẹ̀ a máa wò ó bóyá àpótí ṣófo kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀. A sì máa kọ iye ìbò sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kà á tán. Kò lè mú ẹnikẹ́ni, kò sì ní kùmọ̀. Ìwé àti bírò ni ó mú dání.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, Ilé-Ogbó, tí í ṣe ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ayédìrè, dìbò yan gómìnà pẹ̀lú gbogbo Ọ̀ṣun. Ìbò 353 ni Adémọ́lá Adélékè fi ṣíwájú Gbóyèga Oyètọ́lá. Àjọ INEC ní kí wọ́n tún ìbò dì ní ọjọ́ 27 ní ibùdó méje tí orúkọ olùdìbò ibẹ̀ jẹ́ 3,498. Kò sí ọ̀kan nínú wọn ní Ayédìrè. Ṣùgbọ́n ohun tí ìbò Ilé-Ogbó yóò já sí wà lọ́wọ́ ibi méje náà. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, àwọn aṣojú Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó àti Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ pé wọ́n dẹ́rù ba àwọn olùdìbò, ìròyìn sì wà pé wọ́n yọ àwọn aṣàkíyèsí àti oníròyìn lẹ́nu. Ìbò 482 ni Oyètọ́lá fi borí, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì fọwọ́ sí i ní oṣù keje ọdún 2019.

Ìbò 482! A lè rí iye ènìyàn bẹ́ẹ̀ nínú mọ́ṣáláṣí kan ní ọjọ́ Jímọ̀. Adájọ́ lè sọ ẹni tí ó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí a lé kúrò nídìí àpótí kò lè jẹ́rìí sí ohun tí kò rí.

Ní ọdún 2022, INEC gbé ìwé èsì ibùdó sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò rí ẹni tí jàǹdùkú dá dúró lọ́nà.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe dìbò tán kí ẹ lọ sùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ọ̀dọ́ kan bá fi káàdì aṣàkíyèsí kọ́rùn wá sí ibùdó yín, ẹ fún un ní àga, kí ẹ sì dúró tì í títí wọn yóò fi ka ìbò tán, ìbáà dùn mọ́ ẹgbẹ́ yín, ìbáà má dùn mọ́ ọn.