Ìrẹ̀lẹ̀ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther

Bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà "ìránṣẹ́", Samuel Àjàyí Crowther ni mo máa ń rántí. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn. Ó mọ bí ìsìnrú ti rí lára. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ó kọ́kọ́ kọ̀. Henry Venn ni ó rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà.

Ní 1890, ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó tàbùkù baba tí ó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún yìí ní ìpàdé, wọ́n sì dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ó fèsì (ìrẹ̀lẹ̀ kì í ṣe ìwà ojo, ẹ jọ̀wọ́), ó sì kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kò fi ìjọ sílẹ̀ títí ó fi kú ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 1891.