Odò Tó Kó Ọ̀tá Jọ: Ìtàn Ẹja Pípa ní Argungu

(Ohùn admin, alẹ́ ọjọ́ Àìkú. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn ò gbé ohùn.)

Ẹ̀yin ti Tudun Wada, ẹ kú ọjà. Ẹ̀yin ti Kakuri àti Sabon Tasha, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tó ń kó ẹrù bọ̀ láti Lagos, Ọlọ́run á mú yín dé láyọ̀. Èmi admin yín náà ni.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹnìkan fi fídíò síbí. Òyìnbó kan jókòó nínú ọkọ̀ ojú omi tóóró, ẹja ńlá kan ń wọ́ ọ kiri. Ọ̀pọ̀ yín ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é. Rárá o, òótọ́ ni. Ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní kayak, ẹja yẹn ni tarpon. Ní Florida ní Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn máa ń tọ̀nà jíjìn wá a nítorí agbára rẹ̀. Ó lè wọn ju ọgọ́rùn-ún kílò lọ, á fò kúrò nínú omi pátápátá, á sì máa yọ ẹnu sókè gbé afẹ́fẹ́ mì. Bí wọ́n bá mú un tán, wọ́n á tú u sílẹ̀. Ìyá wa kan tó ń ta ẹja yíyan bèèrè pé, "Ṣé ebi ò pa wọ́n ni?" Ẹ̀rín pa mí. Ìyá wa, ẹja yìí wà létí òkun tiwa náà, láti Senegal títí dé Angola.

Ṣùgbọ́n kí ènìyàn kan gun nǹkan kékeré tó léfòó lọ bá ẹja ńlá, a ní i ní Àríwá níbí. Argungu ni, ní ìpínlẹ̀ Kebbi. Ìtàn tó wà nídìí rẹ̀ sì kan ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ láàrin wa, pé ká pín ẹgbẹ́ yìí sí méjì, ìhín odò àti ọ̀hún odò. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Kebbi kì í ṣe ìlú kékeré láyé àtijọ́. Jagunjagun kan, Muhammadu Kanta, ló dá ìjọba náà sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500. Ó bá Songhai jà, apá Songhai ò sì ká a. Nínú ìtàn àwọn Hausa, ìlú méje wà tí wọ́n ń pè ní Hausa Bakwai, àwọn ojúlówó ọmọ. Méje mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní Banza Bakwai. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Hausa, ẹ mọ ohun tí "banza" jẹ́! Ta ló wà nínú méje kejì yẹn? Kebbi wà níbẹ̀. Nupe wà níbẹ̀. Yarabawa náà wà níbẹ̀, ìyẹn àwa. Nítorí náà, bí ẹ bá pàdé ará Kebbi lọ́jà, ẹ kí i dáadáa. Èébú kan náà ni wọ́n bú wa.

Nígbà tí Usman dan Fodio gbé jihad dìde ní 1804, kò pẹ́ tí wọ́n fi gba Birnin Kebbi. Àwọn ọmọ ọba Kebbi ò túúbá. Argungu ni wọ́n wá fi ṣe ibùjókòó. Ní nǹkan bí 1849, Yakubu Nabame, tó ti wà lábẹ́ Sokoto tẹ́lẹ̀, ní òun ò sìn mọ́. Ogun wá di ti ìgbà gbogbo. Ní àwọn ọdún 1860 wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà, kò pẹ́ tí ogun tún fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ rò ó wò: Mùsùlùmí ni Sokoto, Mùsùlùmí ni Kebbi, wọ́n sì tún jọ múlé gbe ara wọn. Baba jà, ọmọ jà, ọmọ-ọmọ jà. Ìgbà tí òyìnbó ṣẹ́gun Sokoto ní 1903 ni ìbọn tó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé kí ìbọn dákẹ́ kọ́ ni kí inú yọ́.

Ní 1934, Sultan Sokoto, Hassan dan Mu'azu, wá kí Argungu. Ọmọ àwọn tó ń gbógun ti ìlú yẹn ló wọ̀lú bí àlejò o. Kí ni Emir Muhammadu Sama fi ṣe é lálejò? Ẹja pípa. Àwọn apẹja bọ́ sómi, Sultan ń wòran. Wọ́n ti ń pẹja bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ló di àjọ̀dún ńlá tí gbogbo ayé mọ̀.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Apá odò kan wà tí wọ́n ń pè ní Matan Fada. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀ títí ọdún á fi yípo. Sarkin Ruwa, ìyẹn olórí omi, ló ń mójú tó o. Bó bá di ìparí February sí March, ẹgbẹẹgbẹ̀rún apẹja á tò sétí odò. Àwọ̀n ọwọ́ àti igbá nìkan ni wọ́n gbà láàyè. Igbá ọ̀hún tóbi, wọ́n dá ihò sí i lórí. Òun ni ọkọ̀, òun náà ni apẹ̀rẹ̀. Ẹ má pè é ní àjèjì o, nílẹ̀ tiwa náà, kí afárá tó dé, igbá ńlá ni wọ́n fi ń gbé èrò kọjá àwọn odò kan.

Bí ìbọn bá ti dún, gbogbo wọn á bẹ́ sómi lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn onílù wà nínú ọkọ̀, àwọn mìíràn ń mi igbá tí kóró kún inú rẹ̀, kí ariwo lé ẹja wá síbi tí omi ò jìn. Láàrin bí wákàtí kan, ó ti parí. Giwan ruwa, "erin omi", ni olórí ẹja tí wọ́n ń wá. Ní 2005, èyí tó gba ipò kìíní wọn kílò 75. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e sórí ìwọ̀n. Ti 2020 wọn kílò 78.

Báwo lẹja ṣe dàgbà tó bẹ́ẹ̀? Gbogbo ìlú ló kó ọwọ́ wọn ró fún ọdún kan. Ẹni tó bá lọ jí i pa lóru, ti gbogbo ènìyàn ló bàjẹ́. Àwa tí a ń dá àjọ, ṣé ó yẹ kí wọ́n tún ṣàlàyé ìyẹn fún wa? Àlàáfíà pàápàá, bí a kò bá ṣọ́ ọ, á lọ. Láti 2010 ni àjọ̀dún yẹn ti dáwọ́ dúró, ààbò sì wà lára ohun tó fà á. Àní ní 2016 tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àjogúnbá, kò sẹ́ni tó ń bẹ́ sómi. 2020 ni wọ́n tó padà síbẹ̀.

Odò tiwa ńkọ́? Wọ́n ní ọ̀nì, kada ní Hausa, ló fún Kaduna lórúkọ. Lẹ́yìn rògbòdìyàn Sharia ní February 2000, tí ẹ̀mí àti dúkìá ṣòfò, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí àríwá odò, ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì kó lọ sí gúúsù. Àwa Yorùbá wá ńkọ́, tí ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Rafiu tí àbúrò ń jẹ́ Samuel nínú ilé kan? Ìhà wo la fẹ́ kó sí?

Mo gbọ́ ohun tí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ká pín ń sọ. Owó ọkọ̀ ti gbówó lórí. Ẹ̀rù ń bani láti kọjá afárá lálẹ́. Mi ò lè pè é nírọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá pín, ọdún méjì sí i, àwọn ọmọ wa ò ní mọ ara wọn mọ́. Bí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀, ta ni ará ìhín máa pè ní ọ̀hún kó ṣílẹ̀kùn fún un?

Àbá mi rèé. Kí ìpàdé máa yí, oṣù yìí ní ìhín, oṣù tó ń bọ̀ ní ọ̀hún. Ọ̀sán ni ká máa ṣe é, kí gbogbo ènìyàn ti délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn tó bá gbàlejò ni kó se oúnjẹ, kí ẹja wà nínú ọbẹ̀. Kí àpò àjọ sì wà lójú kan, ká má fọwọ́ kàn án.

Ẹ fèsì kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni tó gbà àti ẹni tí kò gbà. A ó kà á níṣojú gbogbo ènìyàn. Ó dàárọ̀ o.