Kòsọ́kọ́ Kọ́ Ló Tẹ Ẹ̀pẹ́ Dó

Ẹni tí ó bá dúró létí omi ní Ọjà Olúwo, nígbà tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ tí àwọn ìyá ẹlẹ́ja sì ń ná ẹja lọ́wọ́ apẹja, tí ó wá béèrè bí Ẹ̀pẹ́ ṣe di ìlú, kò ní pẹ́ gbọ́ ìtàn tí ó wà lẹ́nu tèwe tàgbà: pé Kòsọ́kọ́ ọmọ Ọ̀sínlókun, ọba tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé kúrò lórí oyè Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ni ó gba orí ọ̀sà wá tẹ ìlú náà dó. Ìtàn yìí tilẹ̀ ní ọdún tirẹ̀, nítorí Káyókáyó tí àwọn ará Èkó-Ẹ̀pẹ́ ń ṣe lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n fi ń rántí ìgúnlẹ̀ Kòsọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àlejò wọlé kọ́ ni ọjọ́ tí a mọ ilé.

Bí ọmọdé kò bá ìtàn, a bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Àrọ́bá Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ sọ pé ọdẹ kan, Huraka, tí ó ti Ilé-Ifẹ̀ wá, ni ó kọ́kọ́ gbé inú igbó náà. N kò ní fi ọdẹ ja ọba, nítorí ẹnu ni a fi ń sọ ìtàn méjèèjì. Ìrísí ilẹ̀ ni mo dì mú: Ẹ̀pẹ́ wà lára ibi tí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti ki ẹsẹ̀ bọ omi ọ̀sà, tí ẹrù Ìjẹ̀bú-Òde ti ń bọ́ sínú ọkọ̀, irú èbúté bẹ́ẹ̀ kì í dúró de ìsáǹsá ọba kí ó tó ní olùgbé. Kòsọ́kọ́ fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí àṣẹ Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ni ó fi jókòó níbẹ̀, ta ni í sì í tọrọ ilẹ̀ tí kò lólúwa?

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854 ni ó bá Benjamin Campbell, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́, tí ó jáwọ́ nínú Èkó, tí èbúté Palma àti Lẹ́kẹ̀ẹ́ sì kù sí i lọ́wọ́ fún òwò. Òwò yìí sọ Ẹ̀pẹ́ di ńlá, n kò sì jiyàn èyí. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní 1862, ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀ kò bá a lọ; àwọn ni Èkó-Ẹ̀pẹ́, àwọn onílé sì wá di Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, nítorí kò sí ẹni tí í dárúkọ ìran rẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀ bí àlejò kò bá dé. Àwọn tí wọ́n bá Oṣòdì Tápà, balógun Kòsọ́kọ́, padà sí Èkó, ọmọ Èkó ni púpọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni a pe àdúgbò wọn níbẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ni ó fún wọn lórúkọ. Àwọn kọ́ ni ó fún Ẹ̀pẹ́.

Orúkọ àbíkú sì ni Kòsọ́kọ́: kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ín. Ọkọ́ tí ó kọ́kọ́ kọ ebè ní Ẹ̀pẹ́, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó wà.