Ìdájọ́ Tí Gbogbo Ojú Rí

Bí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù ní Gbaji, níbi tí ọ̀nà Èkó ti ń lọ sí Sẹmẹ̀, èdè Ògù, Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé lè pàdé lórí pápá kan ṣoṣo. Rẹfirí wo ló máa gbọ́ gbogbo rẹ̀? Síbẹ̀, bó bá na káàdì pupa sókè, kò sí ẹni tí kò ní yé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí ìyà ni wọ́n ṣe dá káàdì sílẹ̀. Ìyà ti wà tipẹ́. Ohun tí káàdì mú wá ni pé ìdájọ́ di gbangba dẹkùn.

Kí ọdún 1891 tó dé, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń mú onílàjà tirẹ̀ wá. Ẹ̀yìn ìlà ni rẹfirí ń dúró, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bi í léèrè bí àwọn onílàjà bá kùnà láti fẹnu kò. Lọ́dún náà ni wọ́n kó àṣẹ lé rẹfirí lọ́wọ́ nínú pápá, tí pẹ̀nálítì náà sì bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ló fi ń kìlọ̀, ẹnu ló fi ń léni jáde. Ní Wembley, ní July 23, 1966, nínú eré Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ajẹntínà, rẹfirí Rudolf Kreitlein ará Jámánì lé Antonio Rattín, balógun Ajẹntínà, jáde. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Rattín kọ̀, kò lọ, ó ń béèrè ògbufọ̀, eré sì dúró fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Nínú ìwé ìròyìn ni Bobby àti Jack Charlton, agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti wá kà á pé rẹfirí ti kìlọ̀ fún àwọn. Ken Aston, ọ̀gá àwọn rẹfirí níbi ìdíje náà, rí iná ojú títì nígbà tó ń wakọ̀ lọ, ọgbọ́n káàdì sì sọ sí i nínú. Ní Mẹ́síkò, lọ́dún 1970, káàdì yẹ́lò àti pupa wọ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Kò sí ẹni tí wọ́n lé jáde níbẹ̀. Ọdún 1974 ni Carlos Caszely ará Ṣílè di ẹni àkọ́kọ́ tó gba pupa níbi ìdíje náà.

Ẹnì kan lè ní káàdì kò pa ìwà ipá run, kó sì mú Sani Kaita, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ṣe ẹ̀rí. Níbi Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ní June 17, 2010, bọ́ọ̀lù ti kọjá ìlà nígbà tó fẹsẹ̀ ta Vassilis Torosidis ará Gíríìsì. Góòlù kan ni Nàìjíríà fi wà níwájú Gíríìsì. Wọ́n lé Kaita, Torosidis yìí kan náà ló sì jẹ góòlù tó mú wa pàdánù 2-1. Òótọ́ ni, kò sí òfin tó ń wo ìbínú sàn. Ṣùgbọ́n Kaita jáde, eré tẹ̀síwájú, kò sẹ́ni tó béèrè ògbufọ̀. Àwọn mìíràn ní àṣejù àti àṣehàn ló ń mú káwọn rẹfirí máa na káàdì. Torí ẹ̀ ni ìdíje líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi kó o kúrò nílẹ̀ lọ́dún 1981. Síbẹ̀, lọ́dún 1987, wọ́n tún gbé e padà.

Ẹ̀rí tó lágbára jù pé ìdájọ́ gbangba ló ṣe kókó wà nítòsí wa. Ní January 28, 2010, ní Àǹgólà, Coffi Codjia ará Benin ń ṣe rẹfirí Íjíbítì àti Àlgéríà nínú ìpele tó ṣáájú àṣekágbá Ife Áfíríkà. Ó fún Íjíbítì ní pẹ̀nálítì, Faouzi Chaouchi, aṣọ́lé Àlgéríà, sì fi orí gbá rẹfirí náà. Codjia kò lé e lójú ẹsẹ̀; ìgbà tí eré fẹ́ parí ló tó lé e, lórí ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn. Agbábọ́ọ̀lù Àlgéríà mẹ́ta ló gba pupa lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ CAF dá Codjia fúnra rẹ̀ dúró, nítorí pupa kan tí kò fi hàn nígbà tó yẹ. Ẹni tó bá fẹ́ gbógun ti ìwà ipá lórí pápá kò nílò ìyà tó le ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ: kí ìdájọ́ yá, kí gbogbo ojú rí i, kó sì kan ìràwọ̀ bó ṣe ń kan agbábọ́ọ̀lù tí kò lórúkọ.