Airbag Tó Ti Bẹ́: Ìtàn Àyẹ̀wò àti Àtúnṣe Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ ní Òkè-Ògùn nípa airbag tó ti bẹ́ kò bára mu. Rìwáyà kan ní Ṣakí lè ní kí a sáà ra báàgì mìíràn. Òmíràn ní Ìsẹ́yìn á ní brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀, náà ti lọ. Mo kó ohun tó fọ́n káàkiri jọ síbí, nítorí ẹ̀mí èèyàn ló wà nídìí rẹ̀.

Àríyànjiyàn àkọ́kọ́ ni ti ẹni tó ronú kàn án. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní John Hetrick ni: ó forúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1952, ìjọba sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹjọ 1953. Ṣùgbọ́n Walter Linderer ní Jámánì ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ láti oṣù kẹwàá 1951, oṣù kọkànlá 1953 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tí èèyàn gbé èrò rẹ̀ wá ló yẹ ká wò, kì í ṣe ọjọ́ tí ọ́fíìsì ráyè tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Linderer ló ṣíwájú. Afẹ́fẹ́ tí àwọn méjèèjì fẹ́ lò lọ́ra jù. Allen Breed ló wá ṣe ohun tó ń tètè mọ ìkọlù, ní ìparí àwọn ọdún 1960.

General Motors fi airbag sínú Oldsmobile Toronado ní 1973. Mercedes-Benz tẹ̀ lé e ní nǹkan bí 1981. Láti ọkọ̀ ọdún 1998 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan fún ìjókòó iwájú méjèèjì, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ wa.

Bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, brain box á rán iná sí inflator, ìyẹn agolo tó ń fẹ́ báàgì. Kí ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá tó pé, báàgì ti kún. Ó tán nìyẹn, a kì í ká a padà. Iná SRS, ìyẹn iná ìkìlọ̀ airbag, á wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Nínú Toyota àtijọ́, wáyà kékeré ni wọ́n fi ń so ojú ihò àyẹ̀wò Tc mọ́ E1, wọ́n á ka bí iná ṣe ń ṣẹ́jú. Lónìí, scanner tó lè ka SRS ni à ń lò, èyí tó ń ka ẹ́ńjìnnì nìkan kò tó.

Àwọn kan ń fi ẹ̀rọ pa àkọsílẹ̀ ìjàǹbá inú brain box rẹ́, wọ́n á sì dá a padà. Àlàyé wọn ni pé àkọsílẹ̀ náà nìkan ló tì í pa. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n pípa á rẹ́ kò fi hàn pé inú rẹ̀ ò jóná. Bí ìwé ọkọ̀ bá ní kí a pààrọ̀ rẹ̀, pààrọ̀ rẹ̀. Ti ẹni tó fi resistor pa iná SRS, kò yẹ ní àríyànjiyàn: kò tún nǹkan kan ṣe.

Ẹ yẹ bẹ́líìtì wò pẹ̀lú, torí ohun tó ń fà á le nígbà ìkọlù náà ń bẹ́. Ẹ yẹ clock spring tó wà lábẹ́ sítíárìn wò bákan náà. Kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà airbag aláwọ̀ ìyeyè, ẹ tú bátìrì, kí ẹ dúró: Toyota ní àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, Honda ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ má fi mítà wọn inflator láéláé, iná kékeré inú mítà lè bẹ́ ẹ.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti Takata, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe airbag. Ammonium nitrate tó wà nínú inflator wọn ń bàjẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin bá ń bá a fínra fún ọdún pípẹ́. Bó bá wá bẹ́, irin agolo náà á fọ́, á sì fọ́n sára ẹni tó ń wakọ̀. Honda bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọkọ̀ padà ní 2008. Nǹkan bí mílíọ̀nù 67 inflator ló kàn ní Amẹ́ríkà nìkan, Takata sì kéde ní oṣù kẹfà 2017 pé òun ò lè san gbèsè òun mọ́. Ìpè yẹn kì í tẹ̀ lé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ojú ilẹ̀ wọlé láti oṣù kìn-ín-ní 2017, èyí tó kan ọ̀nà Okerete lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣakí, ṣùgbọ́n àwọn tó ti wọlé ṣáájú ṣì wà lójú pópó. Ẹ fi VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, yẹ ọkọ̀ yín wò lórí ìkànnì NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni.

Ní oṣù keje 2024, NHTSA kìlọ̀ lórí inflator olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi ń rọ́pò èyí tó ti bẹ́. Irú inflator bẹ́ẹ̀ ti pa èèyàn.