Kí Á Tó Fọwọ́ Sí Ìwé: Ohun Tí Koko Kọ́ Wa Nípa Àdéhùn Ilẹ̀

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ìwé kan dé ọwọ́ wa. Iléeṣẹ́ kan fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí ọ̀kan nínú wa fún ogún ọdún, láti máa fọ́ òkúta níbẹ̀. Bàbá àgbà pe ọmọ wọn, wọ́n ní, "Ìwọ lo lọ yunifásítì, wá ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún wa." Ojú ìwé méje ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Iye owó wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọn yóò máa san án wà níbẹ̀. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹbí bá yẹ àdéhùn náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nípa omi, nípa eruku, nípa kòtò tí yóò kù sílẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún, gbólóhùn kan ṣoṣo la rí: pé iléeṣẹ́ náà yóò tẹ̀lé gbogbo òfin tó jẹ mọ́ àyíká.

Òfin wo? Ta ló ṣe é, kí ló sì fà á? Ìbéèrè yìí la gbé lọ sí ilé ìkàwé. Ohun tí a rí yà wá lẹ́nu, nítorí pé àgbàlá kan tí wọ́n fi háyà ló ṣílẹ̀kùn fún àwọn òfin náà ní Nàìjíríà.

Kì í kúkú ṣe pé àwọn baba wa kò mọ̀ pé ó yẹ kí á béèrè. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá gba ilẹ̀ oko a máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣákọ́lẹ̀ nìkan kọ́ ni àdéhùn náà. Ẹni tí a fún nílẹ̀ láti gbin iṣu àti àgbàdo kò gbọdọ̀ ṣàdédé gbin kòkó tàbí obì sí i láìgba àṣẹ, kò sì gbọdọ̀ tà á fún ẹlòmíràn. Onílẹ̀ fẹ́ mọ ohun tí wọn yóò fi ilẹ̀ náà ṣe kí ó tó yọ̀ǹda rẹ̀. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, ó lè rìn dé oko kó lọ fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ohun tó yí padà láyé òde òní ni pé ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń gbé sórí ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí ojú lásán lè wò kó dá mọ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ṣáájú wa. Ní ìlú Niagara Falls, iléeṣẹ́ Hooker Chemical ri kẹ́míkà olóró mọ́ inú ihò odò àtọwọ́dá kan tí wọ́n ń pè ní Love Canal. Lọ́dún 1953, wọ́n ta ilẹ̀ náà fún ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìlú náà ní dọ́là kan péré. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ kẹ́míkà náà pamọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ó wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ pe àwọn lẹ́jọ́. Ilé ẹ̀kọ́ dé orí ilẹ̀ náà, ilé gbígbé sì yí i ká. Nígbà tó di ọdún 1978, tí kẹ́míkà ti ń ṣàn wọ abẹ́ ilé àwọn ènìyàn, Ààrẹ Carter kéde ọ̀rọ̀ náà ní pàjáwìrì. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdílé ló kó kúrò níbẹ̀. Òfin tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ lọ́dún 1980 sọ pé ẹni tó bá ni ilẹ̀ lè ru ẹrù ìtọ́jú rẹ̀, ì báà má jẹ́ òun ló bà á jẹ́. Wọ́n tún un ṣe lọ́dún 1986 pé ẹni tó bá ti wádìí ilẹ̀ dáadáa kó tó rà á lè rí ààbò. Láti ìgbà náà ni àwọn báǹkì àti àwọn tó ń ra ilẹ̀ níbẹ̀ ti ń rán amọ̀ṣẹ́ lọ yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé.

Tiwa kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tiwa bẹ̀rẹ̀ ní Koko, ìlú èbúté àwọn Itsekiri létí odò Benin, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà tó ti di Delta. Ẹni tó bá ka ìtàn yóò mọ̀ ọ́n mọ́ Nana Olomu, gbajúgbajà oníṣòwò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò nílé, tó padà wá kọ́ ààfin rẹ̀ síbẹ̀. Láàárín ọdún 1987 sí 1988, oníṣòwò kan tó jẹ́ ará Ítálì háyà àgbàlá ará ìlú kan níbẹ̀, ní nǹkan bí 100 dọ́là lóṣù. Ọkọ̀ ojú omi márùn-ún ló kó ẹrù wá láti Ítálì. Nígbà tí wọ́n fi ṣe tán, nǹkan bí 3,800 tọ́ọ̀nù pàǹtírí olóró ló wà níbẹ̀, nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá tí wọ́n tò léra wọn nínú oòrùn, tí òmíràn sì ti ń jò. Ìwé tí wọ́n fi kó ẹrù náà wọlé kò sọ òótọ́ nípa ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ni àgbàlá gbọ́ iye owó, kò gbọ́ ohun tó wà nínú àgbá.

Ta ló wá tú àṣírí? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Ítálì ló rí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn ibẹ̀, tí wọ́n sì kọ̀wé sílé. Nígbà tó fi di oṣù Kẹfà ọdún 1988, gbogbo Nàìjíríà ti gbọ́. Ìjọba Babangida pe aṣojú wa ní Ítálì padà sílé, wọ́n dá ọkọ̀ ojú omi Ítálì kan dúró ní Èkó, wọ́n sì mú àwọn ènìyàn. Ítálì gbà láti kó ẹrù rẹ̀. Ọkọ̀ Karin B kó lára rẹ̀, ó ń ti èbúté kan dé òmíràn ní Yúróòpù, orílẹ̀-èdè kan tẹ̀lé òmíràn sì ń kọ̀ ọ́, kó tó padà sí Ítálì.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá òfin tí wọn yóò fi bá àwọn tó ṣe é ṣẹjọ́, wọn kò rí òfin kan tó dá dúró lórí pàǹtírí olóró. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1988, Òfin nọ́ńbà 42 jáde, ó sọ pé ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá kó irú pàǹtírí bẹ́ẹ̀ wọlé. Ní oṣù Kejìlá, Òfin nọ́ńbà 58 dá FEPA sílẹ̀, àjọ àkọ́kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ní fún ààbò àyíká.

Òfin 42 dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìṣẹ̀lẹ̀ ló ń dé. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Ọdún 1992 ni òfin tó ń ṣáájú dé: Òfin nọ́ńbà 86, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí EIA. Ó ní ìjọba tàbí aládàáni kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan, wọn kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ sí i, láìkọ́kọ́ wo ohun tí yóò ṣe sí àyíká. Ó ka irú iṣẹ́ tí àyẹ̀wò kíkún jẹ́ dandan fún: èbúté, ìwakùsà, epo rọ̀bì, ìfọ́-òkúta, ibi ìdapàǹtírí sí. Ó ní kí ìwé àyẹ̀wò sọ bóyá ọ̀nà mìíràn wà tí a lè gbà ṣe iṣẹ́ náà, kí ó sọ bí wọn yóò ṣe dín ìpalára kù, kí ó sì ní àkópọ̀ kúkúrú tí kò lo èdè àwọn amọ̀ṣẹ́. Ó tún ní kí àwọn ará ìlú ráyè sọ tẹnu wọn kí ìjọba tó pinnu. Òfin ìwakùsà ọdún 2007 wá so ó mọ́ ilẹ̀ gan-an: ẹni tó bá gba ilẹ̀ láti wa kùsà tàbí fọ́ òkúta gbọ́dọ̀ mú ìwé àyẹ̀wò tí ìjọba ti fọwọ́ sí wá, ó sì gbọ́dọ̀ bá ìlú tó wà níbẹ̀ ṣàdéhùn ìdàgbàsókè, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bí ẹ bá kà á dé ibí, ẹ lè ní kí ló tún kù? Ohun méjì ló kù. Àkọ́kọ́ ni owó ìtanràn. Iye tó pọ̀ jù tí òfin 1992 lè gbà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó bá rú u ni mílíọ̀nù kan náírà. Ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tí mílíọ̀nù kan náírà lè rà lónìí. Èkejì ni èdè. Wọn a máa gbé ìwé àyẹ̀wò síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 ní àwọn ibi bíi ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí ará ìlú lè wá kà á. Òfin ní kí àkópọ̀ rẹ̀ rọrùn láti yé ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí ó jẹ́ ní èdè onílẹ̀. Bàbá àgbà tí yóò tẹ̀ka síwèé lè jókòó ti ìwé náà fún gbogbo ọjọ́ mọ́kànlélógún kó má mọ ohun tó wí. Nígbà náà, kí ni ìyàtọ̀ òun àti ẹni tó ni àgbàlá ní Koko?

Ìdí nìyẹn tí a fi bá ẹbí náà kọ ìbéèrè mẹ́rin ní èdè Yorùbá, tí a sì tú u sí Gẹ̀ẹ́sì fún iléeṣẹ́ náà. Níbo ni ìwé àyẹ̀wò àyíká yín wà, kí á so ó mọ́ àdéhùn yìí? Ta ni yóò yẹ omi kànga wa wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí á lè mọ̀ bó bá yí padà? Ọ̀nà wo ilé ni ẹ óò ti fi ẹ̀tù fọ́ àpáta? Ta ni yóò dí kòtò náà, níbo sì ni owó rẹ̀ wà?

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Àbúrò bàbá kan bínú, wọ́n ní owó iléèwé àwọn ọmọ ń bẹ nílẹ̀, àwa ń fi ìwé kíkà lé olówó sá. A kò lè bá wọn jiyàn, nítorí owó náà nílò gidi. Bàbá àgbà ní kí á dúró gba èsì ná. Títí di bí a ṣe ń kọ èyí, iléeṣẹ́ náà kò tíì fèsì, ẹbí náà kò sì tíì fọwọ́ síwèé.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ jẹ́ amòfin, ẹ̀yin tí ẹ ka ìmọ̀ nípa àpáta àti omi, ẹ bá wa wo àwọn ìbéèrè náà bóyá ó ku èyí tí a gbàgbé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, bí irú ìwé báyìí bá wà nílé yín, ẹ kà á fún àwọn òbí ní èdè tí wọ́n gbọ́ kí wọ́n tó tẹ̀ka sí i.